Káńsẹ́lọ̀ Náà Gbọ́dọ̀ Rí Oorun Sùn

Nínú gbogbo àwọn tí à ń pè ní ìjọba, káńsẹ́lọ̀ àti alága ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé rẹ̀ kí ó sì kan ilẹ̀kùn. Gómìnà wà ní Ìbàdàn, ààrẹ wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa ni káńsẹ́lọ̀ ń gbé, a jọ ń pàdé ní Tákìí, a sì jọ ń jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Nítorí náà, ohunkóhun tí ìjọba bá ṣe tó bí wa nínú, orí rẹ̀ ni a máa ń dà á lé. Èmi tí mò ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa ti jókòó nínú ìpàdé tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ gún káńsẹ́lọ̀ lára nítorí ọ̀nà ńlá Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, káńsù kankan kò sì ní agbára lórí rẹ̀.

Síbẹ̀, èrò tèmi ni pé èébú kọ́ ló ń fọ́ àwọn olórí wọ̀nyí lọ́kàn jù. Olóṣèlú tí kò lè gbọ́ èébú kò ní pẹ́ kó tó padà sílé. Ohun tó ń jẹ wọ́n nínú ni ìlérí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ wọn, àti gbèsè tí wọ́n ń jẹ láti fi bo ìlérí náà. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú, pẹ̀lú ipa tó ní láti kó nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Owó ìnáwó òkú bàbá ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ tó wà ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, kò sí níbẹ̀, aṣọ ẹbí náà kò sì sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ló ń gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà káńsẹ́lọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá fún ẹni mẹ́ta, ẹni kẹrin á ní ó ti gbàgbé àwọn tó dìbò fún un. Bí owó oṣù bá tán, á lọ yá owó. Bí ẹni tó yá a lówó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, kò ní sùn, kò sì ní lè sọ fún ará ilé rẹ̀ ìdí tí kò fi sùn. Láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé owó ti kún ilé káńsẹ́lọ̀.

Mo gbà pé ọjọ́ àkọ́kọ́ ni a ti ń dáàbò bo ọpọlọ ẹni nínú iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọjọ́ tí àìsàn bá dé. Kí olórí pe baálẹ̀, ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ onílé jọ, kí ó ka iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ fún wọn, kí ó sì sọ ní gbangba iye tí apá rẹ̀ ká. Wọn á kùn, ṣùgbọ́n kíkùn ọjọ́ kan sàn ju ìtìjú sáà ọdún mẹ́ta lọ. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, òwe yìí sì ni a fi ń dá olórí lẹ́bi nígbàkigbà tí kò bá gbé fóònù; ṣùgbọ́n bí ọjà bá tú, àgbà náà ń relé. Kí ó ní wákàtí tí fóònù káńsù ń wà lọ́wọ́ akọ̀wé rẹ̀, kí ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan tí ó lè tú inú rẹ̀ fún. (Káńsẹ́lọ̀ tó jẹ́ obìnrin nílò èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí bí ó bá ti káńsù dé, iṣẹ́ ilé ń dúró dè é.)

Bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá wá dé ńkọ́? Ìbẹ̀rù tó wọ́pọ̀ ni pé alátakò á sọ pé orí rẹ̀ ti yí, àti pé kò ní lè du ipò mìíràn mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo òfin. Ẹsẹ̀ 107 nínú ìwé òfin ọdún 1999 yẹn, tó sọ ẹni tí kò lè du ipò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a ti fi òfin kéde pé ọpọlọ rẹ̀ kò pé; kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó lọ rí dókítà nítorí àìrí-oorun-sùn. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, èyí tó gba ipò òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́wọ́ àwọn amúnisìn, tún kà á léèwọ̀ láti fi ìyà jẹ ẹni tó ní irú àìlera bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní ọdún 1998, Kjell Magne Bondevik, tó jẹ́ olórí ìjọba orílẹ̀-èdè Norway, sọ fún gbogbo ayé pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe òun, ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún di olórí ìjọba ní ọdún 2001. Mi ò sọ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ti di Norway. Níbí, wọn á kọ́kọ́ ní ayé ló ń ṣe é. Àmọ́ ilé-ìwòsàn olùkọ́ni ti LAUTECH àti ti yunifásítì Bowen wà láàárín ìlú, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ojú mọ òun lè gba UCH, ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, lọ.

A dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Kí àwọn tí yóò búra lẹ́yìn ìbò tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fẹ́ kí káńsù Àríwá àti ti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ pe dókítà ọpọlọ kan wá bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì péré, kí ẹgbẹ́ onílé náà sì wà níbẹ̀, torí àwa gan-an la máa ń kan ilẹ̀kùn wọn ní aago márùn-ún ìdájí.