Ẹjọ́ Fazıl Say: Ìdáláre Nìkan Kò Tó

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni ilé ẹjọ́ kan ní Istanbul tó dá Fazıl Say, ògbóǹtarìgì atẹpìánò ilẹ̀ Túrkì, láre. Ọdún 2012 ni wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní oṣù kẹrin 2013, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù 10 fún un, wọ́n ní kò ní wọ ọgbà bí kò bá tún ṣẹ̀. Wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ lóṣù kẹsàn-án, oṣù 10 yẹn náà ni wọ́n tún fún un. Kí ló ṣe? Ó pín àwọn ọ̀rọ̀ kan lórí Twitter, lára wọn ni ewì kan tí wọ́n ní Omar Khayyam, akéwì ilẹ̀ Páṣíà ayé àtijọ́, ló kọ, tó ń fi àwọn alágàbàgebè inú ẹ̀sìn ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bí nínú lẹ́tọ̀ọ́ láti fèsì, kódà kó fèsì kíkan. Ti adájọ́ ni a kò fara mọ́. Abala 216, ìlà kẹta, nínú òfin ọ̀daràn Túrkì ní ẹni tó bá tàbùkù ìgbàgbọ́ apá kan ará ìlú yóò fẹ̀wọ̀n oṣù 6 sí ọdún 1 jura, bí ìwà náà bá lè da ìlú rú. “Bá lè” yẹn gan-an ni wàhálà. Kò dìgbà tí ìlú bá rú. Kí adájọ́ ṣáà ti rò pé ó lè rú.

Ta ni wọ́n sì fi òfin yìí mú? Ọmọ Ankara, tí wọ́n bí ní 1970, tó kàwé orin dé Jámánì, síbẹ̀ tí ohùn ilé kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo Kara Toprak, orin pìánò tó ṣẹ̀dá ní 1997, tó fà yọ látinú orin Aşık Veysel, afọ́jú olórin abúlé. Ọwọ́ òsì á wọ inú pìánò lọ tẹ wáyà mọ́lẹ̀, ọ̀tún á máa tẹ pìánò lọ, ohùn á wá gbẹ bíi ti saz, ohun èlò orin olókùn ilẹ̀ Túrkì. Bí ìka bá fúyẹ́ jù, wáyà á han bíi fèrè. Bó bá wúwo jù, ohùn á kú. Ọ̀pá irin inú pìánò kan kì í sí níbi ti òmíràn, nítorí náà kí atẹpìánò yẹ̀ ẹ́ wò kí èrò tó dé, kó sì nu wáyà lẹ́yìn eré, torí òógùn ọwọ́ ń mú un dípẹtà.

Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣe ìyẹn níbikíbi tí pìánò bá wà. Símfónì Istanbul, tí òun náà ṣẹ̀dá, yàtọ̀. Ní Dortmund ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 2010. Ó nílò odindi ọ̀kẹ́sírà, ìyẹn ẹgbẹ́ olórin ńlá, pẹ̀lú ẹni tó ń fọn ney, fèrè ilẹ̀ Túrkì, àti ẹni tó ń ta kanun, ohun èlò olókùn púpọ̀, àti owó ìdánrawò. Bí ọ̀kẹ́sírà ìjọba kò bá ṣe irú rẹ̀, ta ni yóò ṣe é? Ní 2014, ọ̀kẹ́sírà Ààrẹ ní Ankara, tí í ṣe ti ìjọba, yọ iṣẹ́ Say kúrò nínú ètò wọn.

Lóòótọ́, Ààrẹ Erdoğan fúnra rẹ̀ wá jókòó gbọ́ ọ ní Ankara ní oṣù kìíní 2019. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àga iwájú kọ́ là ń bèèrè. Kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò nínú ìlà kẹta yẹn. Kí àwọn olórin máa yan ohun tí ọ̀kẹ́sírà yóò ṣe, bí wọ́n bá sì yọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ síta kí àwọn tó ń san owó orí rí i kà.