Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́, tó ní WC òun ṣì ń jò

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. A ti rí ohun tí ẹ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù púlọ́ńbà wa lórí ayélujára. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo lẹ fún wa. Ẹ ní a gba ₦9,500 lọ́wọ́ yín, ẹ ní WC ṣì ń jò, ẹ ní "ọmọ kan" tí kò mọṣẹ́ la rán wá, ẹ wá fi "olè" dé e lórí.

Torí àwọn tó máa kà á kí wọ́n tó pè wá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ wa, ìbuwọ́lù yín sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, lẹ pè. Ẹ ní táǹkì orí òpó ń gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í fọṣọ lóru, ẹ sì ní ẹ̀yìn WC kì í gbẹ. A dá agogo méjì fún yín. Bàbá Ìbejì, púlọ́ńbà tí a rán wá, fi díẹ̀ pẹ́, torí ọ̀nà Adésidà há lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ará Àkúrẹ́ wo ni ò mọ Adésidà? Ẹni tí ẹ sì ń pè ní "ọmọ" yìí, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Ọ̀dà Road.

Ohun tí ẹ ò kọ ni pé ibi méjì ni WC yín ti ń jò, ọ̀tọ̀ ni ìkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì.

Ìkíní: Bàbá Ìbejì po búlúù ìfọṣọ sínú táǹkì WC, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọ́ọ̀ṣì, ó sì lọ dúró níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó padà wọlé, omi inú àwo WC ti di búlúù. Ẹ̀yin náà lẹ pariwo "háà!" níbẹ̀. Rọ́bà tó bo ihò ìdí táǹkì ti gan, kò lè dì mọ́. Omi ń yọ́ gba ibẹ̀ lọ sínú àwo tọ̀sán-tòru, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú táǹkì ń wálẹ̀, omi mìíràn sì ń wọlé láti òkè. Kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀ tí ẹ máa fi mọ̀, àfi kí ẹ máa sanwó omi tánkà kí ẹ sì máa fura sí aládùúgbò. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó dín ṣéènì rẹ̀ kù kó má baà há sábẹ́ rẹ̀, ó rẹ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí omi fi dúró ní nǹkan bí íǹṣì kan sísàlẹ̀ ẹnu páìpù àárín tí omi máa ń gbà lọ tó bá fẹ́ kún jù. Ó tún po búlúù. Omi àwo mọ́ gaara. Iṣẹ́ tí ẹ san ₦9,500 fún nìyẹn: rọ́bà ₦3,500, owó iṣẹ́ ₦6,000.

Ẹ ní ₦1,500 ni wọ́n ń ta rọ́bà yẹn ní Ọjà Ọba. Òótọ́ ni, àwa náà ń tà á. Òun ló wà nínú táǹkì yín tẹ́lẹ̀.

Ìkejì: ó nu ilẹ̀ gbẹ, ó wé tíṣù mọ́ họ́ọ̀sì, mọ́ nọ́ọ̀tì, mọ́ àwọn bóòtù tó so táǹkì pọ̀ mọ́ àwo. Gbogbo tíṣù gbẹ. Ó wá fọ́ọ̀ṣì, omi sì yọ ní ìdí àwo níbi tó ti fara kan táìlì. Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá fọ́ọ̀ṣì nìkan lomi ń yọ níbẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi dí àlàfo àárín àwo àti ẹnu páìpù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi má baà jò ti bàjẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè dé ibẹ̀ láì gbé àwo kúrò nílẹ̀. Bàbá Ìbejì sọ iye rẹ̀ fún yín: ₦25,000. Ẹ ní kó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Owó kì í fi gbogbo ìgbà wà lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò bá yín jà. Ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé "ìdí àwo ṣì ń jò, oníbàárà ní kó dúró ná." Abẹ́ gbólóhùn yẹn gan-an lẹ buwọ́ lù.

Ní Sátidé, fọ́tò dé láti ọ̀dọ̀ yín lórí WhatsApp. Àbúrò yín ti po sìmẹ́ǹtì funfun yí ìdí àwo ká, ó sì ti fún bóòtù táǹkì pa títí táǹkì fi sán. Ẹ ò kọ ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é nílé yín. Sìmẹ́ǹtì ìta kì í dá omi dúró, ńṣe ló ń sé e mọ́ abẹ́ àwo, kì í sì í ṣe omi mímu. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni ẹ̀gbọ́n wa ń gbé, orí síìlìn ayálégbé ìsàlẹ̀ ló máa já sí. Ní ti bóòtù, díẹ̀díẹ̀ là ń fún un, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Tí wáṣà bá ti gbá a mú, ó tó. Táǹkì tó bá ti sán, ẹ má fi gọ́ọ̀mù tàn ara yín, ẹ ra òmíràn.

Owó ọ̀kadà tí ẹ ní Bàbá Ìbejì fipá gbà ńkọ́? ₦500 ni, ẹ̀yin lẹ nawọ́ rẹ̀ sí i pé kó fi ra omi tútù. Ó wà nínú àpòòwé ní kàǹtà wa, ẹ wá gbà á.

A ṣì máa ṣe é fún yín. A ó gbé àwo náà, a ò ní gba owó iṣẹ́, ẹ kàn san owó ohun tí a máa fi dí àlàfo ẹnu páìpù náà. Ẹ ra táǹkì níbi tó bá wù yín, kódà ní Ọjà Ọba, a ó bá yín gbé e sórí fún ìdajì owó. Kí a tó dé, ẹ ti fáàfù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ WC, ẹ máa fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi. Ẹ pè wá ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa rán àbúrò yín níṣẹ́ lọ sí Oǹdó. Kó mú sípánà rẹ̀ dání.