Fulbright kọ́ ló ń kó ọmọ wa lọ

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Fulbright tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè kò ju ọgbọ́n àtikó àwọn ọ̀mọ̀wé wa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ọdún 1945, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ni Sẹ́nétọ̀ J. William Fulbright mú àbá wá pé kí Amẹ́ríkà ta ẹrù ogun tó ṣẹ́kù sókè òkun, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀ka Fulbright ti àwọn olùkọ́ èdè ló wú mi lórí jù. Ọ̀dọ́ olùkọ́ á ti Nàìjíríà lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, á máa kọ́ wọn ní Yorùbá, òun náà á máa kàwé. Òyìnbó tó ti mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tó mọ èsì "ẹ kú iṣẹ́", ṣé ojú àjèjì ni yóò tún fi wò wá? Òfin físà wọn sì ní kí ẹni tó jàǹfààní náà padà wálé fún ọdún méjì kó tó lè gba ìwé ìgbélùú.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ìjọba tiwa ni kí ẹ bínú sí. Wọ́n bá Rọ́ṣíà àti Mòrókò ṣe àdéhùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n rán ọmọ ọlọ́mọ lọ, wọ́n wá jẹ wọ́n ní gbèsè owó oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù!