Kò sẹ́yin nínú kọ́sítádì oníke o

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń sọ pé ẹyin àti mílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe kọ́sítádì oníke tí wọ́n ń tà l'Ódò Ògbè, pé òun nìkan ti tó ọmọ jẹ torí ó dáa ju ògì lọ, irọ́ ni jàre. Ẹ yí ike yẹn padà kẹ́ ẹ kà á, stáàṣì àgbàdo ló máa ń ṣáájú, wọ́n á wá fi àwọ̀ àti òórùn fanílà sí i, àwọn míì ń fi fítámíìnì kún un. Àgbàdo kan náà ni, wọn ò kàn jẹ́ kó kan bí ògì ni.

Alfred Bird, apòògùn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú ẹ̀ ní Birmingham lọ́dún 1837 torí ẹyin ò bá ara ìyàwó ẹ̀ mu, ṣé ẹ wá rí i pé nítorí ká má lo ẹyin gan-an ni wọ́n ṣe ṣe é! Ẹlẹ́yin wà lóòótọ́, iná jẹ́jẹ́ nìyẹn ń fẹ́, tó bá fi lè hó pẹ́nrẹ́n ó ti ṣẹ́ kóró-kóró. Tiwa ńkọ́, ẹ fi omi tútù pò ó, kẹ́ ẹ wá da omi tó ń hó yaya lé e, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ò lè mú un dì. Tó bá dì tán tó tún wá ń ṣàn, itọ́ ẹnu ló sábà máa ń fà á, ẹ yéé ti ṣíbí tẹ́ ẹ ti lá bọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ gbé pamọ́.

Ọmọ tó bá ti kọjá oṣù 6, kọ́sítádì nìkan ò tó o, ẹ po mílíìkì mọ́ kọ́sítádì ẹ̀, kẹ́ ẹ fi mọ́ínmọ́ín tì í.