Orin Skeeter Davis Ju Ẹyọ Kan Lọ

Bí a bá dárúkọ Skeeter Davis níbi tí àwọn olólùfẹ́ orin kọ́ńtírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà jókòó sí, "The End of the World" ni gbogbo ẹnu máa ń pè, ó sì máa ń ṣòro kí ẹnì kan tó rántí òmíràn. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti jáde tí àwọn èèyàn gbà bí òtítọ́: pé orin kan péré ni obìnrin náà ní, pé orin náà gbé e dé òkè ní 1963, àti pé lẹ́yìn náà a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n lè kọ orin Jim Reeves àti ti Don Williams láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣìwí. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí, nítorí pé àwọn orin tí ó ń bò mọ́lẹ̀ wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo orin tí a gbà sílẹ̀ ní Nashville, ìlú tí ó jẹ́ ojúkò orin kọ́ńtírì.

Kí a kọ́kọ́ fún orin ńlá náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Arthur Kent àti Sylvia Dee ni wọ́n hun ún, Chet Atkins, ọ̀gá nínú títa gìtá, ni ó sì bójú tó gbígbà á sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ RCA. Ó jáde ní ìparí ọdún 1962. Ní 1963, ó dé ipò 2 lórí àtẹ orin pọ́ọ̀pù ti Billboard, ìwé ìròyìn orin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó dé ipò 2 lórí ti kọ́ńtírì, ó sì wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ R&B, ìyẹn àtẹ orin àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà, níbi tí a kì í ti í sábà rí olórin kọ́ńtírì. Orin tí ó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ a máa ṣíji bo àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1963 yẹn kan náà, Skeeter Davis tún kọ "I Can't Stay Mad at You", iṣẹ́ ọwọ́ Gerry Goffin àti Carole King, òun náà sì dé ipò 7 lórí àtẹ pọ́ọ̀pù. Ẹni tí ó bá wo àtẹ pọ́ọ̀pù nìkan, tí kò tilẹ̀ ya ọ̀dọ̀ kọ́ńtírì, yóò ti rí méjì láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Ọ̀dọ̀ kọ́ńtírì gan-an ni ẹ̀rí pọ̀ sí. Mary Frances Penick ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Kentucky ní 1931. Bàbá rẹ̀ àgbà ni ó ń pè é ní Skeeter, ìyẹn ẹ̀fọn, nítorí pé kò lè jókòó sójú kan. Davis kì í ṣe orúkọ ìdílé rẹ̀. Betty Jack Davis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama, ni ó ni orúkọ náà, àwọn méjèèjì sì jọ ń kọrin bí ẹni pé ọmọ ìyá ni wọ́n, tí wọ́n ń jẹ́ Davis Sisters. Ní 1953, wọ́n gbé "I Forgot More Than You'll Ever Know" jáde. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí wọn nítòsí Cincinnati. Betty Jack kú, Skeeter sì farapa gidigidi. Lẹ́yìn ikú yìí ni orin náà gun orí àtẹ kọ́ńtírì, tí ó sì lo ọ̀sẹ̀ 8 ní ipò 1. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni èyí fi ṣáájú orin tí wọ́n ní òun nìkan ni ó ní.

Ikú Betty Jack ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ohùn Skeeter fi dún bí ó ṣe ń dún. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọrin, wọ́n máa ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: yóò kọ́kọ́ lé orin, lẹ́yìn náà yóò tẹ́tí sí ara rẹ̀, yóò sì fi ohùn kejì gbe ti àkọ́kọ́, kí ohùn méjì tí àwọn èèyàn mọ̀ láti ìgbà Davis Sisters lè padà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò pé obìnrin méjì ni a ń gbọ́. Ẹ fi íàpíìsì sétí, kí ẹ wá gbọ́ "My Last Date With You", tí ó jáde ní ìparí 1960. Ohùn kan ń lọ níwájú, èkejì ń tẹ̀ lé e pẹ́kípẹ́kí, wọ́n jọ ń mí níbì kan náà, wọ́n sì jọ ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn níwọ̀n kan náà, nítorí pé ẹnu kan ni àwọn méjèèjì ti jáde. Floyd Cramer ni ó kọ́kọ́ fi dùùrù ta orin náà láìsí ọ̀rọ̀ kankan, pẹ̀lú àṣà rẹ̀ tí ìka yóò ti kan ohùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó yọ̀ bọ́ sórí èyí tí ó tọ́. Skeeter àti Boudleaux Bryant ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí i. Ó dé ipò 5 lórí àtẹ kọ́ńtírì, ó sì dé ipò 26 lórí ti pọ́ọ̀pù. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju "The End of the World" lọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kò ní gbà fún mi.

Ní ọdún 1960 yẹn náà ni ó fi orin dá Hank Locklin lóhùn. Locklin ti kọ orin ọkùnrin tí ìfẹ́ tí kò tọ́ ń fà lọ, tí ó ń bẹ obìnrin náà pé kí ó ran òun lọ́wọ́. Skeeter mú ohùn orin kan náà, ó sì fi ẹnu obìnrin náà fèsì pé òun náà ti ń ṣubú. "I Can't Help You, I'm Falling Too" ni àkọlé rẹ̀, ó sì dé ipò 2 lórí àtẹ kọ́ńtírì. Bí ó ṣe fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀, láìpariwo àti láìsunkún, ni ó jẹ́ kí èèyàn gbà á gbọ́.

Ní ti pé ó pòórá lẹ́yìn 1963, àwọn orin tí ó tẹ̀ lé e ni yóò dáhùn. "Gonna Get Along Without You Now" dé ipò 8 lọ́dọ̀ kọ́ńtírì ní 1964, "What Does It Take" dé ipò 5 ní 1967, "I Can't Believe That It's All Over" sì dé ipò 12 ní 1973. Láàárín wọn, ó ya odidi àwo kan sọ́tọ̀ fún orin Buddy Holly, ó sì ya òmíràn sọ́tọ̀ fún orin Dolly Parton. Ní 1985, ó tún bá ẹgbẹ́ olórin NRBQ ṣe àwo kan, tí a ti ń gbọ́ ìdùnnú nínú ohùn rẹ̀.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí n kò ní fi pamọ́. Ní oṣù Kejìlá 1973, ó dúró lórí pèpéle Grand Ole Opry, ètò rẹ́díò tí gbogbo olórin kọ́ńtírì ń wá àyè nínú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù tí ọlọ́pàá mú ní Nashville. Wọ́n dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó gbà á padà. Kò ní orin tí ó gòkè gidi lórí àtẹ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọdún 1959 ni ó ti wọ Opry, ó padà síbẹ̀, ó sì ń kọrin níbẹ̀ títí di ọdún díẹ̀ kí àìsàn jẹjẹrẹ tó mú un lọ ní oṣù Kẹsàn-án 2004.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú orin 1953, níbi tí ohùn kejì ti jẹ́ ti Betty Jack fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ "My Last Date With You" tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀.