Eyín kì í fa ibà fún ọmọ

"Ẹ fọkàn balẹ̀, eyín ló ń hù." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà, èmi náà sì ti fi tu ẹlòmíràn nínú rí. Ara ọmọ gbóná, eyín ni. Ó ń ṣu gbuuru, eyín ni. Ó ń bì, kò sùn, ó ń fa etí, eyín náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ yìí sì ti dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró sílé nígbà tó yẹ kí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ dókítà.

Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ oṣù 8 nígbà tí ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ìka kan erìgì rẹ̀, mo bá ohun ṣóńṣó kan níbẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ọwọ́ ọmọ kò kúrò ní etí ọ̀tún. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbé e, mo rí i pé aṣọ tí mo tẹ́ sábẹ́ orí rẹ̀ ti rin: ọyún ló ń ṣàn láti inú etí náà. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ẹ̀yin ìyá ọmọ, eyín mélòó ni ọmọ ń hù kó tó pé ọdún mẹ́ta?" Mo ní ogún. Ó ní kí n lọ ṣírò rẹ̀.

Mo ṣírò rẹ̀. Eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ ní nǹkan bí oṣù 6, àmọ́ ti ẹlòmíràn ń yá, ti ẹlòmíràn sì ń kọjá ọdún kan. Nígbà tí ọmọ bá fi máa tó ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, ogún ti pé. Nínú gbogbo àsìkò yẹn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oṣù kan tí eyín kan kò ní máa bọ̀ lọ́nà. Àìsàn yòówù kó kọ lu ọmọ, yóò bá eyín nítòsí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí a ṣe ń dá ẹjọ́ eyín gan-an nìyẹn.

Ohun mìíràn wà tó ń ṣẹlẹ̀ lákòókò kan náà. Àwọn èròjà tó ń bá àrùn jà, tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún, ti ń tán lọ ní nǹkan bí oṣù 6. Àsìkò yìí náà ni ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í rá, tí ohun gbogbo tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó ń lọ sí ẹnu. Ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń gbà wọlé.

Ní Melbourne ní Ọsirélíà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé ọmọ 21 fún oṣù 7, wọ́n ń wọn ìgbóná ara wọn, wọ́n sì ń yẹ erìgì wọn wò. Eyín 90 ló yọ lójú wọn. Wọn kò rí i pé eyín ló ń fa ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ibi tí mo ti dúró ronú ni pé, nígbà tí wọ́n bi àwọn òbí ọmọ wọ̀nyẹn léèrè, gbogbo wọn ló ní eyín dààmú ọmọ àwọn.

Ìgbàgbọ́ yìí ti pẹ́. Ní England láyé àtijọ́, wọ́n máa ń kọ eyín sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tó pa ọmọ. Wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ní oògùn oníyẹ̀fun tí mercury wà nínú rẹ̀, májèlé ni, ó sì ń sọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn di pupa, pẹ̀lú ìrora. Ìgbà tí wọ́n yọ mercury kúrò nínú rẹ̀ ní nǹkan bí 1954 ni àrùn yẹn tó ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Kí wá ni eyín ń ṣe? Itọ́ ń dà, erìgì ń wú díẹ̀, ọmọ ń fẹ́ gé nǹkan jẹ, ó lè máa kanra. Ara lè lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kì í dé 38°C. Ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa, kí ẹ fi ìka ra erìgì náà, tàbí kí ẹ fún un ní aṣọ mímọ́ tó tutù kó máa jẹ ẹ́ lẹ́nu lójú yín. Ẹ má ṣe fi oògùn apàrora tó ní benzocaine pa á lérìgì: ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè gbé afẹ́fẹ́ ká ara mọ́.

Tí ó bá ti dé 38°C, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, òru ni tàbí ọ̀sán. Èyí tó bá ń ṣu gbuuru, ẹ má já a lẹ́nu ọmú, ẹ fún un ní ORS, ìyẹn oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi mímọ́. Tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí ó ń mí gúlegúle tàbí tí gìrì mú un, ẹ má dúró wo ẹnu rẹ̀.

Eyín àkọ́kọ́ ti ọmọ mi kejì, a ò mọ ọjọ́ tó yọ. Mo ń fún un lóunjẹ lálẹ́ ọjọ́ kan ni ṣíbí kan nǹkan lẹ́nu rẹ̀, ó dún kín.