Sẹmínà ọjọ́ kan kò lè parí ìjà ọ́fíìsì

Tí àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ti ń bára wọn fa wàhálà, sẹmínà lórí bí àwọn tó yàtọ̀ síra ṣe lè jọ ṣiṣẹ́ ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ rò. Wọ́n á gba gbọ̀ngàn, wọ́n á ra míìtì páì, wọ́n á ní dandan ni kí gbogbo èèyàn wá. Wọ́n gbà pé tá a bá fi máa jáde, a ti di ọmọ ìyá. Irọ́ ni.

Mo jókòó síbi irú ẹ̀ rí l'Ádó-Èkìtì. "O kú iṣẹ́" ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan ló kí mọ̀mí akáńtáǹtì wa bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lábúlé tiwọn, láìsí "ẹ" kankan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mọ̀mí. Wọ́n ní ọmọ náà ń rí àwọn fín. Látìgbà yẹn, fáìlì tó bá ti ọwọ́ ẹ̀ wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń sùn. A ṣe sẹmínà, a pàtẹ́wọ́, a gba ìwé-ẹ̀rí. Nígbà tó di Mọ́ńdè, fáìlì ṣì wà nísàlẹ̀. (Míìtì páì yẹn dùn ṣá.)

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Frank Dobbin àti Alexandra Kalev, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, yẹ àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ tó lé ní 800 wò l'Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 ni pé níbi tí wọ́n ti fi irú ẹ̀kọ́ yìí ṣe dandan fáwọn máníjà, lẹ́yìn ọdún 5, ìpín àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú nínú àwọn máníjà ti fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 dín kù. Èèyàn kì í fẹ́ kí wọ́n fi tipátipá tún ìwà òun ṣe. Inú ló máa ń bí i. Níbi tó ti jẹ́ ẹni tó bá wù ló ń lọ, ọ̀rọ̀ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún rí i pé kí àwọn tó yàtọ̀ síra jọ máa ṣiṣẹ́ kan náà, kí àgbà òṣìṣẹ́ sì máa fa ọ̀dọ́ lọ́wọ́ sókè, ń so èso.

Èyí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí mọ̀mí àti ọmọkùnrin yẹn. Ìparí ọdún dé, wọ́n ní kí wọ́n jọ ka ọjà inú sítọ́ọ̀. Ọmọ yẹn ń gbé páálí, mọ̀mí ń kọ ọ́ sílẹ̀, eruku bo àwọn méjèèjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ọmọ náà ní, "Mọ̀mí, o jókòó, jẹ́ n gbé e." Mọ̀mí wò ó títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó.

"O" yẹn náà ló ṣì fi ń kí wọn.